Abẹ́rẹ́ Kì Í Dá Ẹyin: Ìdí Tí Abo Màlúù Kan Fi Ń Mú Ọlẹ̀ Wá Ju Èkejì Lọ

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kò tíì lù tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dé ibi ìpẹran kan nílùú Ilé-Ifẹ̀. Fláàsìkì tí ìyá rẹ̀ máa ń rọ ọ̀gì gbígbóná sí ló gbé dání, àmọ́ omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ló ń kọ́ ní yunifásítì, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sì dá lórí ilé ẹyin abo màlúù. Bàbá alápatà tó dá wa lóhùn ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Àǹtí dókítà, ẹ káàárọ̀. Tòní ti wà ńlẹ̀ o. Ẹ ò ṣáà ní sọ pé ẹ fẹ́ lọ sè é jẹ?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. A ò ní sè é o. Ẹyin tó wà nínú rẹ̀ la fẹ́ kà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní látìgbà tóun ti ń pẹran, ajá lòun máa ń jù ú sí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ọ̀rá funfun sórí tábìlì, ó to ilé ẹyin màlúù méjì síbẹ̀, méjì-méjì fún màlúù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju obì àbàtà lọ. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó le díẹ̀. Àwọn nǹkan róbótó-róbótó wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń dán, bí ìléròrò tí omi gbígbóná máa ń sọ síni lọ́wọ́. Àpò ẹyin nìyẹn: omi ló kún inú rẹ̀, ẹyin kan ṣoṣo ló sì fara pa mọ́ sínú omi náà, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ó fi ẹnu bíírò tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n. Ti màlúù àkọ́kọ́, ilé ẹyin méjèèjì pọ̀, jẹ́ 9. Ti èkejì jẹ́ 43. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà lójú mi, 43 náà ni.

Màlúù funfun oníwo gígùn làwọn méjèèjì. Ọwọ́ oníṣòwò kan náà ni wọ́n ti rà wọ́n, alápatà sì ní òun wo eyín wọn kóun tó pa wọ́n, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Bí ẹ bá rí wọn lórí ìdúró, ẹ ò ní mọ èyí tó ní 9 yàtọ̀ sí èyí tó ní 43.

Ìyàtọ̀ àárín 9 àti 43 yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti ń bi mí nípa "ìmọ̀ tuntun" gbígba ọlẹ̀, ìyẹn ẹyin tó ti bá àtọ̀ pàdé tó sì ti ń di ọmọ, èyí tí wọ́n ní màlúù kan lè fi di ìyá ọmọ ogún láàárín ọdún kan. Òótọ́ ni, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ fún yín kì í sọ pé abo mìíràn wà, tí yóò gba oògùn kan náà, lọ́jọ́ kan náà, lọ́wọ́ dókítà kan náà, tí kò sì ní mú ẹyọ kan wá.

Ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ìjọba báyìí. Láti oṣù Keje ọdún 2024 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé ẹran ọ̀sìn yóò ní iléeṣẹ́ mínísítà tirẹ̀, ẹnu àwọn aláṣẹ kò kúrò lórí bí màlúù wa ṣe máa fún wàrà púpọ̀. Owó tí wọ́n ní Nàìjíríà ń ná lọ́dọọdún lórí wàrà òkè òkun tó bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Abo màlúù funfun tó ń jẹko kiri lẹ́bàá títì Ifẹ̀ sí Iléṣà, lítà kan sí méjì ni darandaran sábà máa ń rí fún lójúmọ́ lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀. Irú Holstein, màlúù wàrà ti òyìnbó, tó ń jẹ àjẹyó ní ilẹ̀ tútù lè fún ní lítà 25, kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí wọ́n sì rò pé ó yá jù láti dín àlàfo yìí kù ni kí wọ́n máa gba ọlẹ̀ lára abo tó dára, kí wọ́n gbé e sínú abo mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń rí. Bí a bá fi abo màlúù sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a, ẹyin kan ló ń yọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 síra wọn. Tó bá gboyún, oyún náà á lé ní oṣù mẹ́sàn-án, nǹkan bí ọjọ́ 283. Ọmọ kan lọ́dún nìyẹn, bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Abo tó bá bí mẹ́wàá kó tó darúgbó ti ṣe gudugudu méje. Ohun tí ìmọ̀ yìí wá ṣe ni pé ó gba oyún gbígbé kúrò lọ́rùn abo tó dára jù. Kó máa pèsè ọlẹ̀, kí àwọn abo tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìran wàrà máa bá a gbé e. Abo alágbàtọ́ ni màá máa pe àwọn yẹn. Kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ màlúù àkọ́kọ́ tí abo alágbàtọ́ bí, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, ọdún 1951 sì ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n po ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ nínú àwo kó tó di ọlẹ̀, ọdún 1981 ni wọ́n bí i, Amẹ́ríkà náà ni.

Nínú ọ̀nà àtijọ́, èyí tí kò gba àwo, abẹ́rẹ́ họ́mọ́ònù tó ń mú àpò ẹyin dàgbà, tí wọ́n ń pè ní FSH, ni wọ́n máa fún abo náà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí wọ́n á máa dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ mìíràn tí yóò mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Wọ́n á gbin àtọ̀ sí i lára lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí méjìlá síra. Tó bá di ọjọ́ keje, wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ara rẹ̀ wọ ilé ọmọ, wọ́n á fi omi ṣan ibẹ̀, wọ́n á sì gba omi náà padà. Inú omi yẹn ni wọ́n ti máa ń fi máíkíróskóòpù wá ọlẹ̀. Kò sí ọ̀bẹ nínú rẹ̀, abo náà sì lè padà sídìí koríko rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọjọ́ keje yẹn lọ̀rọ̀ máa ń bẹ́yìn yọ. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986 wo irú ìkórè bẹ́ẹ̀ 2,048 lára màlúù tí wọ́n ń sìn fún ẹran. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ọlẹ̀ tó ṣeé lò nínú ìkórè kan lé díẹ̀ ní 6. Ìṣirò yẹn ń tanni jẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè, 24 ni kò mú ọlẹ̀ kankan tó dára wá. 64 ni kò tó iye tí wọ́n pín dọ́gba yẹn. Ọgbọ̀n péré nínú ọgọ́rùn-ún ló mú ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọlẹ̀ wá.

Ẹ fi ojú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wò ó, níhìn-ín tàbí ní Iléṣà. Àgbẹ̀ mẹ́wàá dáwó jọ, wọ́n ra FSH tó ti òkè òkun wá, wọ́n san owó dókítà, olúkúlùkù mú abo kan wá. Tí ọjọ́ keje bá pé, ẹni mẹ́ta á máa yọ̀, ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún á rí díẹ̀ mú relé, ẹni méjì tàbí mẹ́ta á ti owó bọ̀ ọ́, wọn ò sì ní rí nǹkan kan. Àwọn tí kò rí nǹkan kan á ní oògùn ayédèrú ni dókítà fún tàwọn, tàbí pé akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ta ọlẹ̀ àwọn. Ẹgbẹ́ tó tú ká lórí ohun tó kéré sí èyí, mo ti rí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn jẹ́ olóòótọ́, kí oògùn náà sì dára.

Kí ló wá fà á?

Láti inú ìyá rẹ̀ ni abo màlúù ti ń gbé gbogbo ẹyin rẹ̀ bọ̀ wá sáyé. Àwọn kan ní ju 100,000 lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, àwọn mìíràn kò sún mọ́ ọn. Kò sí èyí tí yóò tún kún un. Láàárín ọjọ́ 21 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn àpò ẹyin kan máa ń jọ dìde, tí wọ́n á jọ máa dàgbà bí ìgbì omi. Tó bá yá, ọ̀kan á yọ lára wọn, á tóbi ju àwọn yòókù lọ, ohun tó ń tú jáde á sì mú kí FSH inú ẹ̀jẹ̀ abo náà lọ sílẹ̀. FSH yẹn ni oúnjẹ àwọn yòókù. Nígbà tí kò tó wọn mọ́, wọ́n á rọ, wọ́n á kú.

Ẹni tó bá ti gbin àgbàdo rí mọ̀ ọ́n. A lè sọ hóró mẹ́ta mẹ́rin sínú ihò kan. Tó bá hù tán, a ó fa àwọn tí kò lágbára tu, ká fi èyí tó le jù sílẹ̀. Ara màlúù ló ń fa tirẹ̀ tu fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ FSH kàn ń sọ pé ká má fa ọ̀kankan tu ni, ká bu ajílẹ̀ sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ihò tó jẹ́ pé hóró kan ló hù níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ bu ajílẹ̀ síbẹ̀ títí di ọ̀la, igi àgbàdo kan náà lẹ máa rí. Abẹ́rẹ́ kì í dá ẹyin. Èyí tó wà nílẹ̀ tí ìbá kú ló ń gbà là. Tí wọ́n bá fún abo tó ní 9 àti abo tó ní 43 ní oògùn tó dọ́gba, ẹ ti mọ ibi tó máa já sí.

Àwọn onímọ̀ ti fi skáànù ka àpò ẹyin inú màlúù tó wà láàyè, ìyẹn àwọn tó tó mìlímítà mẹ́ta tàbí tó jù bẹ́ẹ̀. Nínú ìgbì kan, wọ́n rí abo tó ní 5 péré, wọ́n sì rí èyí tó lé ní 50. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé iye yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà lára abo kan náà. Ẹ kà á lónìí, ẹ tún un kà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ máa rí i pé ẹni tó ní díẹ̀ ṣì ní díẹ̀, ẹni tó ní púpọ̀ ṣì ní púpọ̀. Ó dà bí àmì ara.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ tuntun létí ọmọ Yorùbá. Àwa tí a ń pe Táyé àti Kẹ́hìndé ní ilé mẹ́ta nínú ilé mẹ́wàá, a mọ̀ pé ilé ẹyin kò rí bákan náà. Nígbà tí dókítà Nylander ń ṣèwádìí ìbejì nílẹ̀ wa láàárín ọdún 1960 sí 1979, ó rí ibi tí nǹkan bí 45 nínú 1,000 ìbímọ ti jẹ́ ìbejì, a sì mọ Igbó-Ọrà káàkiri ayé nítorí rẹ̀. Ó tún rí i pé FSH pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá ìbejì. Họ́mọ́ònù kan náà tí à ń fi abẹ́rẹ́ fún màlúù nìyẹn! Àmọ́ ká má tìtorí ìyẹn sọ pé abo tí FSH rẹ̀ ga ni ká mú. Lára màlúù, òdìkejì ni: abo tí àpò ẹyin rẹ̀ kò pọ̀ ni FSH inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń ga, torí àwọn àpò díẹ̀ tó ní kò lè tú ohun tí yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jáde tó. Màlúù kì í sì í ṣe ìyá ìbejì. Bí màlúù bá bí ìbejì takọtabo, èyí tó jẹ́ abo nínú wọn sábà máa ń yàgàn títí ayé, torí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ti pò pọ̀ nínú oyún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọlẹ̀ kan ni wọ́n máa ń fi sínú abo alágbàtọ́ kan.

Ṣé ìran nìkan ló wá ń pinnu iye ẹyin ni? Rárá. Apá ibí yìí ló ká mi lára jù. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ní Ireland sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n mú àwọn abo kan, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù láti ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n lóyún títí oyún náà fi tó ọjọ́ 110. Lẹ́yìn náà wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí kò rù, wọn ò sì kéré. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka àpò ẹyin wọn, ó fi nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí ìyá wọn jẹun yó.

Ẹ gba títì Ifẹ̀ sí Iléṣà kọjá nínú oṣù Kejì ọdún. Koríko ti gbẹ, wọ́n ti fi iná sun èyí tó pọ̀, ẹ lè ka egungun ìhà màlúù láti inú mọ́tò. Abo tó lóyún tuntun wà láàárín wọn. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni ilé ẹyin ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ń di kíkọ́. Ebi ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí lè jẹ́ ìdí tí àgbẹ̀ kan yóò fi fi abẹ́rẹ́ olówó gọbọi ṣòfò ní ọdún mẹ́ta òní, kò sì ní mọ ibi tó ti wá. Bí mo bá láṣẹ, ọ̀rọ̀ koríko ẹ̀ẹ̀rùn, èérún ẹ̀gẹ́ àti èèpo rẹ̀ tí à ń dà nù, ni màá kọ́kọ́ náwó lé kí n tó ra FSH kan ṣoṣo.

Ọ̀nà méjì ló wà láti mọ ohun tí abo kan ní kí a tó fún un lábẹ́rẹ́. Skáànù lọ̀kan, dókítà ẹran tó mọ̀ ọ́n lò á ka àpò ẹyin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èkejì ni ẹ̀jẹ̀. Họ́mọ́ònù kan wà tí wọ́n ń pè ní AMH, àwọn àpò ẹyin kéékèèké ló ń tú u jáde. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ti tó, ọjọ́ yòówù kí wọ́n gbà á, nítorí kì í lọ sókè sódò bí àwọn họ́mọ́ònù yòókù. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún wa, torí ẹ̀jẹ̀ ṣeé gbé sínú kúlà oníyìnyín láti abúlé dé yàrá àyẹ̀wò. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́: ẹ má fi òdiwọ̀n Holstein wọn màlúù tiwa.

Màlúù oníké, irú èyí tí màlúù funfun wa jẹ́, sábà máa ń ní àpò ẹyin àti AMH ju màlúù aláìníké ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Ẹ wo Brazil. Nelore tí wọ́n ń sìn níbẹ̀, oníké ni, Íńdíà ni baba ńlá rẹ̀ ti wá. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹyin jọ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Brazil fi di aṣíwájú ayé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ọlẹ̀ tí à ń ṣe nínú àwo. Wọ́n á fi skáànù tọ́ abẹ́rẹ́ gígùn sọ́nà, wọ́n á fa ẹyin jáde láti inú àpò wọn láìfún abo náà ní FSH rárá, wọ́n sì lè tún padà wá fa òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Láti ọdún 2016 ni iye ọlẹ̀ inú àwo ti ju ti inú abo lọ káàkiri ayé. Mi ò sọ pé Nelore àti màlúù funfun wa jẹ́ ọ̀kan náà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé màlúù tí à ń fojú di pé wàrà rẹ̀ kò tó nǹkan lè jẹ́ ọlọ́rọ̀ níbi tí a ò wò. 43 tí mo fojú mi rí lórí ọ̀rá yẹn, màlúù funfun ló ni ín.

Ọ̀nà àwo yẹn ní ìnira tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹyin tí wọ́n fà jáde gbọ́dọ̀ gbó fún nǹkan bí wákàtí 24, kí ó tó bá àtọ̀ pàdé. Lẹ́yìn náà ọlẹ̀ á wà nínú ẹ̀rọ tó móoru ní ìwọ̀n 38.5 fún nǹkan bí ọjọ́ méje. Nínú mẹ́wàá, mẹ́ta ló sábà máa ń débẹ̀. Iná ìjọba tó bá lọ lóru ọjọ́ kẹta, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dáhùn, ti pa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é níhìn-ín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra páńẹ́lì oòrùn àti bátìrì tó dájú kó tó ra máíkíróskóòpù.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí kì í ṣe àbímọ́. Abo kan náà lè mú ọlẹ̀ 8 wá lónìí, kó má mú nǹkan kan wá lẹ́yìn oṣù méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye àpò ẹyin rẹ̀ kò yí padà. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ FSH lọ́jọ́ tí àpò ńlá kan ti ń jọba lórí àwọn yòókù, ẹ̀pa kò bóró mọ́, àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà là ti ń kú lọ. Nítorí náà ni àwọn dókítà tó mọṣẹ́ ṣe máa ń kọ́kọ́ fi oògùn mú kí ìgbì tuntun bẹ̀rẹ̀. Ooru náà wà níbẹ̀. Ara Holstein tó gbóná jù máa ń ba ẹyin jẹ́, ẹyin náà sì lè má bọ̀ sípò títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ooru ti lọ; ọlẹ̀ màlúù oníké máa ń fara da ooru jù ú lọ. Àtọ̀ akọ tí kò dára pẹ̀lú lè sọ ẹyin ogún di òfo. Ẹ má tìtorí òfo ẹ̀ẹ̀kan ta abo yín.

Àwọn tó ń polówó ìmọ̀ yìí kì í sọ púpọ̀ nípa abo alágbàtọ́, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlẹ̀ tuntun tó dára tí wọ́n gbé sínú abo tó yẹ, nǹkan bí ìdajì wọn tàbí kó lé díẹ̀ ló ń di oyún. Bí abo náà bá rù, tàbí tí ìgbà tó wá akọ kò bá ti ẹni tó ni ọlẹ̀ mu, ó ti lọ nìyẹn. Àǹfààní kan wà nínú lílo abo tiwa: ọmọ tó bá bí á mu wàrà àkọ́fún rẹ̀, á sì rí ààbò lọ́wọ́ àwọn àrùn tí ìyá náà ti mọ̀ ní àdúgbò yìí. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé ọlẹ̀ Holstein sínú Mùtúrù. Màlúù kúkúrú ni Mùtúrù, ìbí ọmọ yẹn lè pa á.

Bí mo sì ti dárúkọ Mùtúrù, màlúù ilẹ̀ igbó wa ni, eṣinṣin tsetse kò fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Ó ń dín kù. Ọlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n bá gan sínú náítírójìn olómi, ní ìwọ̀n 196 sí ìsàlẹ̀ òdo, lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dùn mí pé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọlẹ̀, ti òyìnbó tí a fẹ́ kó wọlé nìkan là ń sọ.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ ìpẹran yẹn, a lọ sí gáà kan lẹ́bàá títì Iléṣà pẹ̀lú dókítà ẹran tó ní skáànù kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn. Àlhájì tó ni agbo náà ti pẹ́ níbẹ̀, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó fi abo kan hàn wá tó ti bímọ mẹ́jọ, kò fọdún kan sílẹ̀ rí. Dókítà wò ó, àpò ẹyin 14 ló rí. Ó tó, ìbímọ lọ́dọọdún kò nílò ju ẹyin kan lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, abo mìíràn wà tí wọ́n ti so mọ́ igi kásíà. Ọmọ méjì péré ló bí láàárín ọdún márùn-ún, oníṣòwò sì ń bọ̀ wá mú un lọ́jọ́ kejì.

"Àlhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo èyí náà," ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kí lẹ fẹ́ wò lára rẹ̀, ọmọ mi? Mo ti gba àsansílẹ̀ lórí ẹ̀."

Dókítà wò ó. Ó pè wá ká wá wo ojú skáànù: ihò dúdú dúdú ló kún ibẹ̀ bí afárá oyin. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní 38. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré méjì, ọ̀kan fún àrùn tó máa ń mú màlúù ṣẹ́yún, ọ̀kan fún àrùn tí tsetse ń fà, torí ó ní abo tó ní ẹyin tó bẹ́ẹ̀ tí kò bímọ, ó yẹ ká mọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́.

Àlhájì dúró, ó ń wo ojú skáànù yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ó béèrè ọjọ́ tí èsì ẹ̀jẹ̀ máa jáde, dókítà ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ó yọ fóònù, ó pe oníṣòwò náà, ó ní kó má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́, òun á dá owó rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló ké sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà nídìí koríko pé kó wá tú okùn ọrùn màlúù yẹn.